Èké Kùtà ní Moscow

Ní 1974, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì gbé òfin ọjà kan jáde tó jọ àwàdà alárìnjó. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé ìtàn àròsọ Alexandre Dumas gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ru bébà àlòkù kílò 20 lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń gbà á. Wọn á gbé ẹrù rẹ̀ ka òṣùwọ̀n, wọn á já tíkẹ́ẹ̀tì fún un, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni yóò mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbà kó fowó ara rẹ̀ ra Dumas. Àlàyé ìjọba ni pé bébà ti ṣọ̀wọ́n.

Bébà ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ní Gbàgede Miusskaya nínú Moscow kan náà, ilé ìtẹ̀wé kan wà tí ebi bébà kì í pa. Politizdat ni wọ́n ń pè é, àwọn àgbààgbà Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ló ni ín, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa tẹ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aṣáájú jáde. Àkójọ iṣẹ́ Lenin tó tẹ̀ láàárín 1958 sí 1965 nìkan, ìdìpọ̀ 55 ni. Kò sẹ́ni tó ní láti ru bébà kó tó rí Lenin rà. Lenin wà lórí pẹpẹ, eruku wà lórí Lenin.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ohun tó dùn létí lọmọ aráyé ń náwó lé. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò dé Moscow. Ká ní wọ́n débẹ̀ ni, wọn ì bá bá ọjà kan tí ìjọba ti fi ọlọ́pàá lé òtítọ́ kúrò nínú rẹ̀, tí èké nìkan wá jókòó sórí àtẹ, tó pọ̀ lọ súà, tí owó rẹ̀ kò ju kọ́bọ̀ mélòó kan lọ, tó sì kùtà síbẹ̀síbẹ̀.

Ilé náà ti pààrọ̀ orúkọ tó ìgbà mélòó kan. Partizdat ni ní 1931, ó di Gospolitizdat ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ó wá di Politizdat ní 1963. Oníbàárà rẹ̀ ni kò yí padà: ìjọba ń tà, ìjọba ń rà. Ilé ìkàwé ń rà, iléeṣẹ́ ń rà, bárékè ń rà. Ìwé ìtàn Ẹgbẹ́ ní ṣókí, tí Stalin, aláṣẹ ìgbà náà, fúnra rẹ̀ ṣètò, jáde ní 1938. Kí Stalin tó kú, ẹ̀dà ìwé náà ti lé ní mílíọ̀nù 42, ní èdè 67. Ní 1956, Khrushchev, olórí tuntun, dìde, ó tú àṣírí Stalin, wọ́n sì ká ìwé náà kúrò nílẹ̀. Ti àkójọ iṣẹ́ Stalin tún pani lẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdìpọ̀ 16 ni wọ́n fọkàn sí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1946. Wọ́n tẹ 13, ọ̀gá kú ní 1953, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àbúrò ilé náà tó ń tẹ̀wé lédè àjèjì, Progress, ló fi Lenin olówó pọ́ọ́kú ránṣẹ́ sí ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lo àwọn ọdún 1970 ní yunifásítì Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ló ra tirẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni òwe náà ti rí iṣẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n Brezhnev ló gbégbá orókè. Ní 1978, olórí orílẹ̀-èdè ṣàdédé di òǹkọ̀wé. Ìwé kéékèèké mẹ́ta nípa ìgbésí ayé rẹ̀ jáde tẹ̀léra: ti ojú ogun, ti àtúnkọ́ ìlú lẹ́yìn ogun, àti ti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí rí. Àwọn akọ̀ròyìn tí gègé mọ́ lọ́wọ́, Anatoly Agranovsky wà lára wọn, ló jókòó kọ ọ́. Ti ọ̀gá ni kó buwọ́ lù ú. Politizdat tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ mílíọ̀nù, wọ́n gbé e wọ iléèwé, nígbà tó sì di 1980, wọ́n fún Brezhnev ní Ẹ̀bùn Lenin fún lítíréṣọ̀. Ẹ gbà mí o! Ẹni tí kò kọ̀wé gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ pé kò kọ ọ́, níwájú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí kò mọ̀. Ó kú ní 1982, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè ìwé náà mọ́.

Níbo wá ni òtítọ́ sá sí? Ìdí táípúráítà ló wà, lóru. Wọ́n á to bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ kábọ́ọ̀nù, wọ́n á tẹ ẹ̀dà mẹ́rin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á ṣá débi tí ojú yóò fi máa ta ẹni tó ń kà á. Wọ́n ń yá a lálẹ́, wọ́n ń dá a padà láàárọ̀. Ẹ̀wọ̀n lowó rẹ̀. Natalya Gorbanevskaya bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn abẹ́lẹ̀ kan ní 1968, tó ń ka orúkọ àwọn tí ìjọba tì mọ́lé. Wọ́n gbé obìnrin tí orí rẹ̀ pé pérépéré yìí, wọ́n tì í mọ́ ilé ìwòsàn aláàárẹ̀ ọpọlọ. Ìjọba tó tẹ mílíọ̀nù 42 ń gbọ̀n níwájú kábọ́ọ̀nù! Ìtìjú ńlá gbáà ni.

Àánú àwọn olóòtú Politizdat a tilẹ̀ máa ṣeni, torí wọ́n gbìyànjú. Ní 1968, wọ́n dá ọ̀wọ́ ìwé kan sílẹ̀ nípa àwọn akọni ajàjàgbara, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún àwọn tó mọ ìwé kọ dáadáa, kí aráàlú lè fẹ́ kà á. Gladilin kọ ti Robespierre, Aksyonov kọ ti Krasin, Voinovich kọ ti Vera Figner. Kí 1980 tó parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ará ìgbèkùn lókè òkun. Wọ́n tún tẹ ìtàn inú Bíbélì tí Zenon Kosidowski, ará Poland, kọ, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé àlọ́ lásán ni. Bíbélì kò sí lórí àtẹ, àwọn èèyàn bá ń wá ìwé aláìgbàgbọ́ yìí kiri. Wọ́n fo àlàyé, wọ́n ń ka Jósẹ́fù àti Dáfídì. Ohun tí wọ́n lé lọ́jà yọ́ wọlé padà nínú ẹ̀wù èké, ó sì tà wàràwàrà.

Nígbà tí Gorbachev gorí àlééfà, ọjà yí. Ní 1988, Politizdat tẹ àṣàyàn iṣẹ́ Bukharin, aṣáájú Ẹgbẹ́ nígbà kan rí tí wọ́n yìnbọn pa ní oṣù Kẹta 1938, kété kí ìwé ìtàn ṣókí tó ń bú u tó jáde. Ní 1990 ó kan Trotsky, ẹni tí Stalin rán apànìyàn sí ní Mẹ́síkò. Ní 1991 Ẹgbẹ́ túká, ilé náà sọ ara rẹ̀ di Respublika, ó sì gba iṣẹ́ ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Lára ohun tó gbé sọ́jà ní 1993 ni ìwé Nikolai Berdyaev. Lenin ló lé Berdyaev kúrò nílùú ní 1922. Ilé tó tẹ ìdìpọ̀ 55 fún Lenin ló wá ń polówó ẹni tí Lenin lé, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á, owó nìkan ló kù kó mú dání.