Èmi Onílé Tó Ń Sanwó Ilé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ rò pé ẹni tó bá ti ra ilé ní Amẹ́ríkà ti bọ́ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, irọ́ ni. Lánlọ́ọ̀dù ń bẹ. Ní Texas tí mò ń gbé, ìjọba ìpínlẹ̀ kì í yọ owó orí nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n fi tàn wá débí nìyẹn. Orí ilé ni wọ́n ti ń gbà á padà, ilé-ìwé ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Lóṣù kẹrin, ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé á kọ̀wé sí ọ pé ilé rẹ ti gbówó lórí. Mi ò ta ilé o. Mi ò kun ọ̀dà, mi ò kọ́ yàrá kún un. Àwọn aládùúgbò kan ló ta tiwọn lówó gọbọi, wọ́n kẹ́rù lọ, ọrùn àwa tá a ṣẹ́kù ni wọ́n wá fi owó náà kọ́.

Tó o bá fẹ́ takò ó, o sábà máa ń ní títí di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún. Mo lọ. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, kí àgbàlagbà jókòó síwájú àwọn àjèjì mẹ́ta tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, kó máa bú ilé ara rẹ̀! Mo kó fọ́tò ibi tí ògiri ti là sílẹ̀. Mo ní amọ̀ abẹ́ ilé wa ń wú lásìkò òjò, ó ń súnkì lásìkò ọ̀dá. Mo ní ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ò ṣe é tì mọ́, ẹni tó bá ń wẹ̀, àfi kó máa kọrin. Ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn, ó ń ranjú mọ́ mi. Ilé yìí kan náà ló ń fi han àwọn ẹbí rẹ̀ lórí WhatsApp, tí wọ́n ń kí i kú oríire. Wọ́n bá wa yọ díẹ̀ kúrò nínú iye ilé náà. Ògiri ṣì là.

Èyí tó dùn mí jù ni ọgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ìwé àgbègbè wa. Wọ́n fẹ́ yáwó kọ́lé-ìwé. Bọ́ǹdì là ń pè é, àwa la ó sì dìbò sí i. Wọ́n ní ká fọkàn balẹ̀, iye táwọn ń gbà lórí 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan ò ní yí padà. Òótọ́ ni. Iye ilé ló ń yí padà. Ká ní 1 dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí 100: bí apá tí wọ́n ń gbowó lé nínú iye ilé rẹ bá jẹ́ 260,000, wàá san 2,600. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di 280,000 lọ́dún tó ń bọ̀, ó di 2,800, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan kún nǹkan kan! Láti 2019 ni òfin ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sórí ìwé ìdìbò bọ́ǹdì ilé-ìwé pé àfikún owó orí ilé nìyí. Bó o bá kà á tán, ọwọ́ rẹ á kọ́kọ́ gbọ̀n.

Mi ò ní purọ́, wọ́n ń ṣàánú díẹ̀. Apá tí ilé-ìwé kì í gbowó lé nínú ilé téèyàn fúnra rẹ̀ ń gbé jẹ́ 40,000 dọ́là tẹ́lẹ̀. Ó di 100,000 ní 2023, ó sì di 140,000 ní 2025. Àmọ́ owó ìnṣọ́ránsì ilé ti gbé àánú náà mì.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá ká mi lẹ́nu kò ni ti ọmọ mi. Àdúgbò ń kún, ilé-ìwé ò gba àwọn ọmọ mọ́, wọ́n wá gbé àwọn kíláàsì alágbèéká sẹ́yìn ilé-ìwé. Ibẹ̀ ni tiwa wà. Tí ọmọ bá fẹ́ tọ̀ lásìkò òjò, inú òjò ló máa gbà dé ilé ńlá. Lọ́jọ́ kan ó délé, ó ní òun ò mọ èyí tó jẹ́ òjò nínú omi tó wà lára ṣòkòtò òun. Mo bínú lọ sípàdé: ẹ kọ́ kíláàsì fún wa! Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ mówó wá. Wọ́n tún ní owó bọ́ǹdì ò ṣe é san owó oṣù tíṣà. Tíṣà tó ń fowó ara rẹ̀ ra pẹ́ńsùlù á ṣì máa rà á, inú ilé tuntun ló kàn máa lò ó.

Pápá ìṣeré ńkọ́? Ní ìlú Allen lẹ́bàá Dallas, wọ́n fi owó bọ́ǹdì bíi 60 mílíọ̀nù dọ́là kọ́ pápá bọ́ọ̀lù tó gba 18,000 èèyàn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Wọ́n ṣí i ní 2012. Ní 2014, kọnkéré là, wọ́n tì í pa. Ká ní ilé tèmi ni, wọn ì bá kàn bá mi yọ díẹ̀ kúrò.

Bàbá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ ilé mi ti lé ní 65. Òfin ti dá owó orí tí ilé-ìwé ń gbà lórí ilé irú wọn dúró sójú kan, bọ́ǹdì ò lè fi kún un. Àwọn ló ń kọ́kọ́ débi ìdìbò. Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n ń tẹ̀ sí gbogbo ẹ̀, pápá bọ́ọ̀lù pàápàá, torí ọmọ-ọmọ wọn ń gbá a. Àwa Yorùbá ńkọ́? Ọjọ́ Sátidé ni ìdìbò oṣù karùn-ún máa ń bọ́ sí. Ta ló fẹ́ fi aṣọ ẹbí sílẹ̀ ní Houston lọ tò sórí ìlà? Òde náà la ti máa ń ráhùn owó orí, tí jọ̀lọ́ọ̀fù wà lẹ́nu.

Níbi òde bẹ́ẹ̀ ni àgbà kan ti rán wa létí pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nílé lọ́hùn-ún, ẹgbẹ́ òṣèlú Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ fi owó ẹ̀kọ́ àti ìlera kún owó orí láti múra de ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Inú bí àwọn bàbá wa, wọ́n dìbò fún ẹgbẹ́ Alákùkọ tó ń bá wọn díje, Ọlọ́pẹ sì fìdí rẹmi nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Nígbà tí ilé-ìwé wá ṣí ní January 1955, àwọn tó bínú náà ló ń ti ara wọn kó ọmọ wá. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ náà. Bàbá tó bí wọn, wọ́n ní owó yẹn ni wọ́n ń ráhùn títí wọ́n fi kú.

Ìdìbò tiwa bọ́ sí Sátidé tí wọ́n fi mí ṣe alága òde. Ìyàwó mi ní kò sí àwáwí, pé èèyàn lè dìbò ṣáájú ọjọ́ náà, ká lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òfin ò jẹ́ kí wọ́n da pápá ìṣeré pọ̀ mọ́ kíláàsì mọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè wọn. Màá tẹ Bẹ́ẹ̀ ni fún kíláàsì, màá sì máa bú wọn bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ní ti pápá bọ́ọ̀lù, kí bàbá ẹ̀gbẹ́ ilé mi àti ọmọ-ọmọ wọn lọ dáwó jọ.