Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò: Òkú Kì Í Buwọ́ Lùwé

Àwọn kan máa ń rò pé èèyàn Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó kì í ráyè kàwé, pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún ti jẹ gbogbo àkókò wa tán. Kí wọ́n wá wo lẹ́tà tó wà lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí. Ìwé ìtàn iwin, ti ẹbọra, ti òkú tó jí dìde, ìwé tí kì í jẹ́ kéèyàn lè dá jáde lọ tọ̀ lóru, òun làwọn èèyàn wa ń kó jọ. Èyí tí òǹkọ̀wé bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù, owó gidi ni wọ́n ń ná sórí rẹ̀. Níbi tí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé ìjà ò ní í gbẹ́yìn.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ti sọ yàrá àlejò wa di igbó iwin. Ìwé Fágúnwà, ti Tutùọlá, ti Stephen King, gbogbo rẹ̀ ló fi ọ̀rá wé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Màmá mi wá kí wa, orí àga ni wọ́n sùn, torí ìwé ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ta ló máa kà á, ó ní tí wọ́n bá kà á, iye rẹ̀ á wálẹ̀. Kí ni kí n ṣe?*
*Ìyàwó Olówèé, Ẹ̀gbẹ́dá*

Ìyàwó wa, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́. Ọkọ ẹlòmíràn ń kó obìnrin wálé, ọkọ tiyín ń kó iwin. Iwin kì í jẹun, kì í sì í béèrè owó irun. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó ò gbọdọ̀ sùn lórí àga nítorí bébà.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ ra ẹ̀dà Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà olówó pọ́ọ́kú kan fún ara yín. Tó bá dalẹ́, tí NEPA bá mú iná lọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ máa kà á sókè fún màmá ní pálọ̀, níbi tí Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, ti pàdé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Kí màmá máa ké "Yéè!" níbi tó bá yẹ. Kó tó pẹ́, bàbá á yọjú. Tó bá ti jókòó, ẹ pa ìwé dé. Ẹ ní kó kó ẹrù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó gbọ́ ìyókù.

Kí ẹ wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Àwọn ọmọ iléèwé tó ti ń ka ìwé yẹn láti ọdún 1938, tí wọ́n kà á títí tí èèpo fi já kúrò lára rẹ̀, àwọn ló sọ ìwọ̀nba tó kù di ọ̀wọ́n. Ká ní gbogbo wọn fi ọ̀rá wé e ni, kò sí ilé tí kò bá ti sí, ta ni ì bá sì náwó lé e? Ẹni tó kàwé ya ni ọkọ yín ń jẹ lára rẹ̀.

Ní ti ọ̀rá, kó tú u. Bí ọ̀rinrin Èkó bá há sínú rẹ̀, ìwé á bu. Kó tò wọ́n sórí ṣẹ́ẹ̀fù tí kò fara kan ògiri, kó fi káńfọ̀ sí i nítorí aáyán, kó sì máa ṣọ́ ikán. Bó bá kọ̀, ẹ sọ àwọn ìwé náà di ayálégbé: owó ilé ọdún méjì, àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n, kí èyíkéyìí nínú wọn tó tún sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo ra Igbó Olódùmarè kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ìyànà Ìpájà. Ó ní Fágúnwà fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú. Bírò aláwọ̀ búlúù ló fi kọ ọ́ pé: "Sí ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ayé á yẹ ọ́. D. O. Fágúnwà, 1971." Owó tó yẹ kí n fi san háúsì ni mo fi rà á. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kàn ń rẹ́rìn-ín, n ò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.*
*Ọmọ Iléèwé, Ìgándò*

Àbúrò mi, jókòó kí n tó sọ ọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni omi gbé Fágúnwà lọ ní Wuya, nítòsí Bídà. Bó bá jẹ́ òun ló buwọ́ lùwé rẹ lọ́dún 1971, ọ̀kan nínú méjì ni: yálà wọ́n lù ọ́ ní jìbìtì, tàbí ìwọ lo ni ìwé tó bani lẹ́rù jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Bó bá jẹ́ ìkejì, má sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Tún wo bó ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà. "Ayé" ló kọ síbẹ̀. Kó tó di ọdún 1974 tí wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, "aiye" àti "enia" ni wọ́n ń kọ, bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ìwé Fágúnwà. Ẹni tó bá bàbá náà buwọ́ lùwé lọ iléèwé lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìṣirò nìkan ni kò wọ̀ ọ́ lórí.

Lẹ́yìn náà, ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé àkọlé. Ọdún 1949 ni ilé-iṣẹ́ Nelson kọ́kọ́ gbé Igbó Olódùmarè jáde. Bí o bá rí i pé náírà ni wọ́n fi kọ iye owó rẹ̀ síbẹ̀, rántí pé ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 la bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Pọ́n-ún àti ṣílè ni Fágúnwà ná títí ó fi kú. Ìwé tí wọ́n ṣì ń tà ní náírà lórí àtẹ, báwo ló ṣe dé ọwọ́ ẹni tí kò ná náírà rí?

Má bá ọkùnrin náà jà. Padà lọ, rẹ́rìn-ín sí i, sọ pé ìwé náà dùn mọ́ ọ débi pé èyí tí Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀ buwọ́ lù lo tún ń wá. Bó bá ní "Padà wá lọ́la, ó wà nílé," fi fóònù ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì pe ìyálọ́jà wá gbọ́ ọ. Owó rẹ á jáde. Nígbà mìíràn, òǹkọ̀wé tó ṣì ń mí ni kí o lọ bá, kó buwọ́ lù ú lójú ara rẹ.

*Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ọkùnrin ń kó ìwé tí àwòrán agbárí wà lójú rẹ̀. Pásítọ̀ wa ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, pé a máa sun gbogbo rẹ̀ ní ìsọ́ òru Jímọ́ọ̀. Ọmọ náà ń sunkún pé 26 péré ló wà nínú ọ̀kan nínú wọn ní gbogbo ayé. Ṣé kí n gbà kí wọ́n sun ún?*
*Ìyá Ọlọ́mọ Kan, Ìkòtún*

Mọ́mì, ẹ gbé ìṣáná sílẹ̀ ná. Ẹ ṣí ìwé náà, ẹ wò ó bóyá lẹ́tà kan wà níwájú rẹ̀, láti A dé Z. Lọ́dún 1980, ilé ìtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Phantasia Press, ṣe Firestarter ti Stephen King lọ́nà àkànṣe. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń fi èrò inú rẹ̀ dá iná ni. Ẹ̀dà 26 péré ni wọ́n fi lẹ́tà sí dípò nọ́ńbà, aṣọ asbestos ni wọ́n sì fi ṣe èèpo rẹ̀ kí iná má lè jó o.

Bó bá jẹ́ òun lọmọ yín ní, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ á ṣe rí lóru Jímọ́ọ̀. Pásítọ̀ á da kẹrosíìnì, ìjọ á pariwo "Fáyà!", iná á jó títí á fi kú, èèpo ìwé á ṣì jókòó síbẹ̀. Kílẹ̀ Sátidé tó mọ́, ìlàjì ìjọ á ti kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kejì. Kí ẹ má sì ha á o. Asbestos tí wọ́n fi ṣe àjà ilé wa náà ni, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹ ò bá wá rí lẹ́tà kankan níwájú ìwé, irọ́ lọmọ yín ń pa. Irọ́ yẹn ni kí pásítọ̀ gbàdúrà lé lórí.

Ẹ tún bá mi sọ fún wọn pé ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni iwin Yorùbá gbà wọ inú ìwé. C.M.S., ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ló tẹ Ògbójú Ọdẹ lọ́dún 1938. Olùkọ́ ni ẹni tó kọ ọ́, ìwàásù ló sì kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì takú, ẹ sún mọ́ wọn, ẹ sọ iye tí àwọn olùkójọ ń ra irú ìwé onílẹ́tà yẹn sí wọn létí. Kí ẹ wá rọra mẹ́nu ba ìdámẹ́wàá.

*Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kọ ìwé nípa iwin kan tó ń wọ danfo lóru. Mo fẹ́ tẹ ọgọ́rùn-ún péré, kí n fi nọ́ńbà sí i, kí n buwọ́ lù ú, kí n sì tà á wọ́n. Ẹnì kankan ò tíì mọ̀ mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.*
*Òǹkọ̀wé Tuntun, Ìdímù*

Àbúrò, lọ́dún 1982, Donald M. Grant tẹ The Gunslinger ti Stephen King ní ẹ̀dà 10,000, ó sì ya 500 sọ́tọ̀ fún ìbuwọ́lù. Ṣùgbọ́n Carrie tí King kọ ti jáde láti 1974. Àwọn tí King ò ti jẹ́ kí wọ́n lè pa iná sùn láti ọdún yẹn ló ń du ìwé náà. Ìwọ, bí o bá tẹ ọgọ́rùn-ún lónìí, wọ́n á ṣọ̀wọ́n lóòótọ́: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ nìkan la ti máa rí wọn.

Ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó ni Amos Tutùọlá kí Faber tó gbé The Palm-Wine Drinkard rẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1952. Kì í ṣe nọ́ńbà la fi mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin arẹwà kan ló fi sínú ìwé náà, tó jẹ́ pé ó yá gbogbo ẹ̀yà ara tó fi ń ṣe fáàrí ni, tó ń dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà títí tó fi ku agbárí nìkan. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ yẹn dóru kì í béèrè nọ́ńbà.

Nítorí náà, lọ sí Ṣómólú, ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi, ṣe ẹ̀dà tí kò gbówó lórí. Mú ọ̀kan, wọ danfo láti Ìkòtún sí Òṣódì lálẹ́, jókòó sáàárín èrò, kí o máa kà á sókè. Bí kọ̀ńdọ́ bá lé ọ sílẹ̀, ìwé náà ò tíì jinná. Bí ẹnì kan bá ké "Ó wà o!" nígbà tí bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣì kù mẹ́ta, o ti ń sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ẹni tó kọjá ibi tó ń lọ torí pé ó fẹ́ gbọ́ ìparí, yọ bírò. Kọ nọ́ńbà 1 sí i, buwọ́ lù ú, gbé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kí o sì fún un lówó ọkọ̀ tó máa fi padà.