Lẹ́tà Ṣíṣí sí Form1

Alàgbà Form1,

Ẹ kú ìjókòó. Ìjókòó náà ni mo mọ̀ mọ́ yín: ẹni tó bá ti ṣí Visual Basic, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe sọ́fúwíà, ibẹ̀ ni yóò bá yín, fèrèsé òfìfo aláwọ̀ eérú, àmì tótòtó lára, ẹ ò kí ẹnikẹ́ni. Mo ti bá yín sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ ò gbọ́. Ó di ojú gbogbo ayé báyìí.

Àgbà ni yín, n kò bá yín jiyàn. Alan Cooper, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe ètò tí ènìyàn fi ń fi máòsì fa bọ́tìnnì sórí fèrèsé. Ó fi han Bill Gates ní 1988, Microsoft rà á, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ BASIC, wọ́n sì gbé yín jáde lóṣù karùn-ún 1991. Ní 1998, ẹ di ẹ̀yà kẹfà. Lóṣù kẹrin 2008, wọ́n ní àwọn ò tún yín ṣe mọ́. Ìfẹ̀yìntì nìyẹn, Alàgbà! Ẹ̀yin kọ́. Ohun tí a fi yín ṣe ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 11, ọmọ pólì sì ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ̀yin náà ló tún gbé síwájú olùkọ́. Mo mọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dín ọjọ́ orí kù kó má baà fẹ̀yìntì. Ẹ̀yin fẹ̀yìntì tán, ẹ ò kó ẹrù kúrò lọ́fíìsì.

Ìyẹn kéré. Ojú yín ló ń dá mi lóró.

Ní Ìmọ́tà wa níbí, níbi tí Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, ti wá ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì tó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, lóṣù kìíní 2023, ta ni mo fẹ́ ṣe sọ́fúwíà fún bí kò ṣe oníràísì? Alhaja kan ní kí n ṣe èyí tí yóò máa ka àpò tó wọlé, àpò tó jáde àti gbèsè. Mo ṣí láàpútọ́ọ̀pù níwájú wọn. Mo fa àpótí mẹ́ta sórí yín, mo kọ “Oníbàárà”, “Àpò” àti “Owó” sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo gbé bọ́tìnnì Save sísàlẹ̀. Tíì tí wọ́n gbé fún mi kò tíì tutù.

“Ó ti parí nìyẹn?”

Mo ní rárá o, Alhaja, ojú lásán ni. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ Save, ó tẹ̀ wọlé, ó padà jáde. “Ó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀!” Ó ń tẹ̀ ni, kò ṣiṣẹ́. Kò tíì síbi tí orúkọ oníbàárà yóò sùn, kò tíì sí ohun tí yóò yọ àpò tí wọ́n tà kúrò nínú èyí tó kù, bí ẹnì kan bá sì kọ “mẹ́wàá” síbi tó yẹ kó kọ 10, gbogbo ìṣirò dàrú. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n ẹ ti kun ilé lọ́dà kó tó ní òrùlé, Alhaja ti rí ọ̀dà, wọ́n sì ti ń gé owó. Ẹ̀yin lẹ gé owó mi, Alàgbà.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ò wo ilé kankan: Command1, Command2 lẹ sọ bọ́tìnnì, Text1 títí dé Text9 lẹ sọ àpótí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ṣé Text7 ni gbèsè, àbí Text8? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé mo lè yí i padà nínú Properties. Ẹni tí kò sí oníbàárà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ráyè ìyẹn.

Ẹ tún ń fi èdè wa ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tẹ “Ṣadé”, ẹ kọ “?adé”. Kí lẹ ń bi Ṣadé? Mo mọ ìdí rẹ̀: orí àtẹ lẹ́tà àtijọ́ ti Windows lẹ ti ń ka ìwé, àyè 256 péré ló ní, é àti à ríbi jókòó nítorí àwọn ará Yúróòpù ń lò wọ́n, ẹ, ọ àti ṣ tiwa dúró sí ìta. Àbúrò yín, Windows Forms, tó dé ní 2002, ń kọ gbogbo rẹ̀ láìjanpata. Àbúrò o!

Ti Save tó máa ń sá pa mọ́ sábẹ́ ojú kọ̀ǹpútà nígbàkigbà tí a bá gbé yín sórí láàpútọ́ọ̀pù kékeré, mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

N kò ní parọ́ mọ́ yín ṣá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, tí àwọn tí sọ́fúwíà tiwọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń gbé fóònù sókè kiri lójú títì Ìtòíkin, ẹ̀yin ń ta ìrẹsì lọ. Ẹ ò béèrè dátà rí. Òun ni wọn ò fi tíì lé yín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tẹ ọjà tí wọ́n tà láàárọ̀ wọlé, ó kù díẹ̀ kó parí, ẹ ju àpótí kékeré kan sí i lójú: Run-time error '91'. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀: OK. Kí ló OK níbẹ̀? Ọmọ ọlọ́mọ tẹ̀ ẹ́, ẹ pa dé, ẹ sì kó ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fèsì lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bọ́tìnnì kejì sí i, èyí tí n óò lè fi sọ pé n kò gbà.

Èmi ni,
Ẹni tí ẹ gé owó rẹ̀, Ìmọ́tà.