Aládùúgbò Olórí Funfun ní Big Bear

Lára ohun tí kì í tètè yé ọmọ Yorùbá tó bá dé Amẹ́ríkà ni bí ẹni tí kò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ fi ògiri kan pín ilé ṣe lè mọ ìgbà tí idì kan ń jẹun àárọ̀. Idì tí ọ̀rọ̀ kàn ni irú èyí tí orí àti ìrù rẹ̀ funfun, tó ti wà lára òǹtẹ̀ ìjọba ibẹ̀ láti ọdún 1782. Tọkọtaya kan nínú wọn, Jackie àti Shadow, tẹ́ ìtẹ́ sórí igi páìnì tó ga tó nǹkan bí mítà 44 nítòsí adágún Big Bear ní Kalifọ́níà, àwọn olùtọ́jú àyíká sì gbé kámẹ́rà sí i, tí gbogbo ayé fi ń wò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru.

Ilé àwọn idì yìí jọ ilé ọ̀pọ̀ Yorùbá lókè òkun, nítorí pé kò sí ìyá àgbà tí yóò gba ọmọ pọ̀n, takọ-tabo ni wọ́n sì jọ ń pín iṣẹ́ ṣe. Akọ a máa sàba lé ẹyin, a máa gbé ẹja wálé, a sì máa ru igi wá tún ìtẹ́ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abo, tó tóbi jù ú lọ, sábà máa ń gbé igi náà kúrò níbi tó fi í sí. (Ọkọ tó bá ti to abọ́ rí nílé ìdáná ìyàwó rẹ̀ ní Houston mọ ẹjọ́ yìí dáadáa.) Bí wọ́n bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin, wọ́n á di ẹsẹ̀ wọn ní ìkúùkù kí èékánná má baà gún un. Ní ọdún 2024, Jackie jókòó lé ẹyin nínú yìnyín fún nǹkan bí wákàtí 62 láìdìde, síbẹ̀ ẹyin náà kò pa.

Òfin tó dáàbò bo irú idì yìí ní Amẹ́ríkà náà kò gba ẹ̀rín, ó sì nídìí. Nígbà kan rí, oògùn apakòkòrò DDT sọ èèpo ẹyin wọn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé tọkọtaya 417 péré ló ń pamọ ní ìpínlẹ̀ 48 tó so mọ́ra wọn ní ọdún 1963. A fòfin de DDT ní 1972, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ ewu ìparun ní 2007. Àmọ́ òfin ọdún 1940 tó dáàbò bò wọ́n ṣì wà síbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣa ìyẹ́ kan nílẹ̀ láìgbàṣẹ, ìbáà jẹ́ láti fi ro etí lásán, lè san owó ìtanràn tó 100,000 dọ́là. Etí wo ló ń yúnni tó bẹ́ẹ̀?

Nílé, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ní Big Bear, ẹyin ò tíì tutù tán tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì yóò ti kà á. Mẹ́ta ló pa ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjì yìnyín sì mú ọ̀kan lọ, àwọn tí kì í kí aládùúgbò wọn sì sunkún rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló sọ àwọn méjì tó kù ní Sunny àti Gizmo, orúkọ tí akéwì kankan kò lè rí oríkì fún. Ní oṣù kẹfà ni wọ́n fò kúrò nínú ìtẹ́, kò sì sí ẹni tó retí kí wọ́n máa fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, tàbí kí wọ́n san owó ilé-ìwé àbúrò tí ìyá wọn kò tíì yé.