Àpapọ̀ Owó: Èmi Fúnra Mi

Ọmọdébìnrin kan tó wà ní kíláàsì cinquième ni wọ́n ní kó ka ìwé èsúsú wa sókè nípàdé, torí òun ló gbọ́ Faransé jù nínú agboolé. Ó ka orúkọ àwọn ìyá mẹ́rìnlélógún, ó ka 2.500 níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ń já geere. Nígbà tó dé ìlà ìsàlẹ̀, ó dákẹ́. Ó wò mí, ó tún wo ìwé. "Total," ló kà, ó sì pe orúkọ mi. Orúkọ àbísọ mi, ó fi ti bàbá mi kún un.

Ojú méjìdínláàádọ́ta ló yí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Onígàárì, akápò wa tí owó gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ lanu: "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ta ni, àbí ìwọ lo jẹ ọ̀kẹ́ mẹ́ta?"

Boni la wà, ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́jọ tó wà ní kọ́múnù Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn àpáta ńláńlá ti ń wo ohun tí kálukú ń ṣe lẹ́yìnkùlé. Ọ̀nà tí mo gbà di akọ̀wé èsúsú kò le rárá: èmi nìkan ni mo ní kọ̀ǹpútà. Kútọnu ni mo ti rà á, àlòkù tó ti ilẹ̀ Faransé wá, Excel 2007 sì wà nínú rẹ̀. Faransé ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, títí dórí kíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n fídíò ọmọ Nàìjíríà kan ni mo fi kọ́ Excel, ọkùnrin tó ń lú Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ní kí n kọ =SUM bí mo bá fẹ́ ro owó pọ̀. Mo kọ =SUM. Kọ̀ǹpútà dá mi lóhùn pé: #NOM?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. "Nom" ni orúkọ. Ẹ̀rọ bi mí pé kí lorúkọ mi, ó tilẹ̀ fi àmì ìbéèrè sí i. Nílé wa, bí àgbà bá béèrè orúkọ ọmọ, ọmọ á dọ̀bálẹ̀, á dárúkọ. Èmi náà dárúkọ. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí yẹn gan-an, mo tẹ Entrée, #NOM? sì pòórá. Inú mi dùn. Mo rò pé ó fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣírò ni, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó àwọn ìyá ṣe màgòmágó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé jáde, mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, owó ara mi ni mo sì san.

Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé náà, mo pe àbúrò mi ní Ṣakí, lódìkejì ààlà.

"Ẹ̀gbọ́n, SUM yẹn ò ní wàhálà kankan o. Ó ń ṣiṣẹ́ níbí."

"Ó ṣiṣẹ́ níbí náà. Ó ti sọ mí dolè."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ F1. Ìrànlọ́wọ́ á yọ síta."

Mo tẹ F1. Orin tó ti ń lọ nínú kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Mo ké pé mo ti pa á. Àbúrò mi ní kí n tún un tẹ̀. Orin padà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó dákẹ́. Ẹ̀rín pa ọmọ náà títí owó fi tán lórí fóònù mi. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí i pé àwòrán gbohùngbohùn kékeré kan wà lára F1 mi, àti pé Fn ni mo gbọ́dọ̀ dì mú kó tó rántí iṣẹ́ tí wọ́n bí i fún.

Mo di Fn mú, mo tẹ F1. Fèrèsé kan ṣí: "Aide sur Excel", ìyẹn ìrànlọ́wọ́ lórí Excel. Mégà íńtánẹ́ẹ̀tì mi ti tán láti òru, síbẹ̀ ó ṣí. Inú ẹ̀rọ ló ń gbé tẹ́lẹ̀, bí ìyá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í yà kí. Mo tún kọ =SUM kí n lè rí ẹ̀ṣẹ̀ mi dáadáa. Àmì ìkìlọ̀ kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, irú èyí tí mo ti ń sá fún látọjọ́ yìí, torí mo rò pé kòkòrò àrùn ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Aide sur cette erreur". Ó ṣàlàyé fún mi pé Excel rí orúkọ kan tí kò mọ̀, kí n wò ó bóyá mo ṣi orúkọ iṣẹ́ náà kọ. Kì í ṣe orúkọ tèmi. SUM ni kò mọ̀. Nínú Excel Faransé, SOMME ló ń jẹ́. IF ń jẹ́ SI, VLOOKUP ń jẹ́ RECHERCHEV, àmì kọ́mà tí ọkùnrin inú fídíò sì ń fi sáàárín wọn, àmì míì la fi ń rọ́pò rẹ̀ níbí. Ọkùnrin náà ò parọ́ o. Ti ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ. Aide nìkan ló mọ èyí tó wà níwájú mi.

Mo kọ =SOMME. Èsì dé: 0.

Mo bá padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Mo kọ "argent perdu" sí ojú ibi ìwádìí, ìyẹn owó tó sọnù. Ó kó àlàyé lórí owó yíyá àti èlé wá fún mi, bí ẹni tó ti mọ ohun tí n óò nílò láìpẹ́. Mo wá kọ "zéro". Èyí ló gbọ́ dáadáa. Ó to ìgbésẹ̀ sílẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: Options Excel, lẹ́yìn náà Options avancées, lẹ́yìn náà kí n yọ àmì kúrò níwájú ìlà kan báyìí. Mo tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń lo àgbo. Òdo lọ ráúráú. Mo jó yí ìjókòó mi ká. Mi ò mọ̀ pé ohun tó kọ́ mi ni bí wọ́n ṣe ń fi òdo pamọ́. Mo tún tẹ ẹ̀dà mẹ́ta jáde.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọmọdébìnrin náà kà á dé ìsàlẹ̀. "Total," ó ní, ó sì dákẹ́.

"Kà á tán," wọ́n sọ fún un.

"Mo ti kà á tán, ẹ̀yin ìyá mi."

Ìyá Onígàárì mí kanlẹ̀. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kúkú sọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí kò tiẹ̀ sọ ibi tó wọlé sí mọ́."

Mo ti lọ wá ìdílé F1 rí, torí ẹni tó bá dójú tini yẹ ká mọ ilé tó ti wá. IBM ló fi í sípò ìrànlọ́wọ́ nínú òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1987 nípa bí ojú ètò kọ̀ǹpútà ṣe yẹ kó rí, kí bọ́tìnnì kan náà lè máa ṣe iṣẹ́ kan náà níbi gbogbo. Nígbà tí Windows 3.0 jáde ní 1990, ó gbé ìwé ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀ dání. Ní Office 97, Microsoft tún fi wáyà tí a fi ń di ìwé pọ̀ kún un, wọ́n ya ojú bàǹbà sí i lórí, a sì máa yọ sí ọ láìpè bí o bá ti ń kọ lẹ́tà. Àwọn ènìyàn kórìíra rẹ̀ gan-an. Office 2007 ni wọ́n ti lé e jáde, ìyẹn èyí tó wà lọ́wọ́ mi gan-an. Ó dùn mí díẹ̀. Ẹni tó bá yọ sí mi láìpè ni mo nílò, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè.

Ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo wàhálà Aide wà. Ó mọ ilé, ó mọ ibi tí gbogbo ìkòkò wà, ṣùgbọ́n bí o bá ní ebi ń pa ọ́, kò gbọ́. Àfi kó o dárúkọ ìkòkò. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá orúkọ ìkòkò tèmi. Ọ̀rọ̀ tó ṣílẹ̀kùn níkẹyìn ni "nombres" àti "texte" tí mo kọ pọ̀. Ó ní nọ́ńbà a máa fara ti apá ọ̀tún nínú àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán a sì máa fara ti apá òsì. Mo wo owó àwọn ìyá. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún ló fẹ̀yìn ti apá òsì bí ọ̀lẹ tó rí ògiri. Àmì kókó tó wà láàárín 2.500 ló fà á. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ owó níbí, ṣùgbọ́n Excel Faransé ò ka kókó yẹn mọ́ nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ ló kà á sí, SOMME kì í sì í ro ọ̀rọ̀ pọ̀. Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, kókó kì í wá bẹ́ẹ̀. Àfi kó o di Maj mú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún ni mo fi ọwọ́ méjèèjì ba owó olówó jẹ́.

Mo nu gbogbo kókó kúrò. 60000 jáde, ó fara ti apá ọ̀tún bí ọmọlúàbí.

Tíṣà kan ládùúgbò wa ní Excel 2016. Mo lọ ṣe fọ́ńté fún un pé kó tẹ F1 kó rí ohun ìyanu. Kò ní mégà lọ́jọ́ náà, ìrànlọ́wọ́ kò sì wá. Ìyá àgbà ti kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, ó ti lọ ń gbé ìlú òkèèrè. Àfi kó o wọkọ̀ kó o tó lè kí i. Ní tèmi, èyí tó dití díẹ̀ ṣùgbọ́n tó wà nílé sàn jù, pàápàá níbi tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n tún ní kí n bi àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń fèsì bí ènìyàn. Mo bi ọ̀kan. Ó gbọ́ "owó sọnù" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó tiẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n tẹ bọ́tìnnì kan tí kò sí nínú Excel 2007.

Lọ́jọ́ tí mo mú ìwé tó pé wá, Ìyá Onígàárì bi mí bóyá F1 yìí gbọ́ Yorùbá. Mo ní Faransé nìkan ni tèmi gbọ́. Ó ní ẹni tí ò gbọ́ èdè òun ni wọ́n wá fi ṣe olùrànlọ́wọ́ òun. Kò wo ìwé mi. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, ó fi ògiri hàn mí: ìlà eédú mẹ́rìnlélógún, ó tò wọ́n ní márùn-ún márùn-ún, mẹ́rin sì ṣẹ́kù. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́. Mo rí ẹyọ kan míì tó dá dúró lápá òsì pátápátá, mo sì béèrè owó ta ni ìyẹn.

"Owó kọ́," ó ní. "Ìwọ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti pe orúkọ ẹ ni mo ti ń ṣọ́ ẹ. Mi ò tíì pa á rẹ́."