Ọ̀dọ́ Tó Ti Ní Ọmọ-ọmọ

Wọ́n ní kí ẹ dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, alága ètò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọṣẹ ìwẹ̀ ní aago kan ọ̀sán. Báyìí ni ọjọ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ekpan, lẹ́bàá Warri, tí wọ́n bá fẹ́ dá àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìlú ga lọ́lá. Kánópì ti dúró, àga ti tò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti pariwo títí ohùn fi há a. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ dá lọ́lá nìkan ni kò tíì dé. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n wà. Ohun tó sọ wọ́n di ẹni àyẹ́sí náà nìyẹn, àwọn tó pè wọ́n ló gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ìwé àdéhùn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní láti ọdún 15 sí 35 lèèyàn fi ń jẹ́ ọ̀dọ́. Lọ́dún 2019, ìjọba Nàìjíríà tún un ṣírò, ó ní 15 sí 29 ni. Ekpan ka ìwé méjèèjì tán, ó fi wọ́n di ẹ̀pà. Aṣáájú ọ̀dọ́ tiwa máa ń dé tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tó tó ìwọ̀n àpò gàrí kan. Ìró rẹ̀ ń wọ́ tuurutu bíi ti Festus Okotie-Eboh, mínísítà ìṣúná ìgbà ayé Balewa. Àwọn ọmọ Urhobo tó bá pàdé ń kúnlẹ̀ kí i pé "Mígwo!", bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ọ̀dọ́ wo lẹ ti rí tó ń gba "Mígwo" láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló sì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2018, Buhari fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí ọ̀dọ́ tètè lè du ipò. A dúpẹ́. Èyí tó kù báyìí ni òfin tí yóò sọ fún bàbá yìí pé eré ọ̀dọ́ tó ń sá tó gẹ́ẹ́, kó jókòó, kó mu omi.

Tí ó bá ti kù díẹ̀ kí ọjọ́ ayẹyẹ pé, ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ́ sí yóò gba lẹ́tà. A ti yàn ọ́ fún àwọ́ọ̀dù. Òǹkàwé, ṣé inú ẹ ti ń dùn? Yí ojú ìwé náà padà: iye owó tábìlì nìyí, ti àwo dígí nìyí, ti oníkámẹ́rà nìyí. Àwọ́ọ̀dù ti di àwòdì nìyẹn. Lóòótọ́ ló ń gbé òròmọdìẹ sókè, ṣùgbọ́n ẹ bi òròmọdìẹ léèrè bóyá ó gbádùn ìrìn-àjò náà.

Ẹ wá wo àwo dígí ọ̀hún dáadáa. Inú páálí tí wọ́n fi àrán pupa tẹ́ nílẹ̀ ló wà, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà sì ń dán lára rẹ̀. Ẹ fi aṣọ nù ún lẹ́ẹ̀mejì, wúrà á bá aṣọ lọ. Ọmọ tó ń jẹ́ Oghenekaro, wọ́n ti kọ ọ́ ní Oghenekaraoke. Kò ráyè bínú, torí fọ́tò ti yá. Àgbààgbà mẹ́rìnlá ló di àwo mú, ìka ìlábẹ̀ ọmọ náà nìkan ló hàn, lábẹ́ abíyá alága. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀kì páálí jáde, èyí tó ga ju ọmọ lọ. Báńkì kò ní gbà á, agbára káká ló sì fi wọ inú kẹ̀kẹ́. Èyí tó wọ̀ náà, oníkẹ̀kẹ́ gba owó èèyàn méjì, ó ní èrò ni. Kí ọmọ náà fara balẹ̀ ṣá. Àwọn Super Eagles tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994 gbọ́ ìlérí ilé, ó sì lé ní ogún ọdún kí ilé ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ sí í délẹ̀.

Àwọn tó tọ́ sí ayẹyẹ gan-an kò wọ́n wa o. Ọmọ Warri ni Wilson Oruma, balógun Golden Eaglets tó gba ife àgbáyé ní Japan lọ́dún 1993, tó sì fi góòlù mẹ́fà ṣáájú gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó wà níbẹ̀. Ẹ dúró sí Jakpa Road lónìí, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ sókè: ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ni yóò jáde tí wọ́n á ní àwọn làwọn kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù, àádọ́ta nínú wọn kò tíì dáyé nígbà náà. Ughelli nítòsí wa níhìn-ín ni Ese Brume ti wá. Lọ́dún 2021 ní ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo, ó fo mítà 6.97, ó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà bọ̀ wálé. Ó tiẹ̀ ti fo 7.17 ṣáájú lọ́dún náà. Alága ètò wa fò jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ní ọbẹ̀ bángà àti stáàṣì ti délẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó mú téèpù dání ni.

Àwọn aláwàdà ńkọ́? Warri ló bí Ali Baba, òun náà ló ni I Go Dye àti Gordons. Nígbà tí irú wọn wà lọ́mọdé, ìfọ́tí ni àmì-ẹ̀yẹ tí ilé máa ń fún ẹlẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀. Àwọn ẹlòmíì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè gbọ́ ẹnu kan náà, làdúgbò bá rántí pé ọmọ àwọn ni.

Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ ń fi Ekpan rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ìfọ́n ni aláwàdà AY ti wá, Delta ló lọ ilé-ìwé, ibẹ̀ ló ti gbọ́n ẹnu. Kí okòwò rẹ̀ tó búrẹ́kẹ́, mélòó nínú yín ló mọ ọ̀nà Ìfọ́n? Tsola Emiko jẹ́ ẹni ọdún 37 nígbà tí wọ́n dé e ládé ní oṣù kẹjọ 2021, tó di Olú Warri, Ogiame Atuwatse III. Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Kíá, gbogbo yín ti di àbúrò ìyá! (Ilẹ̀ Uvwie ni Ekpan o, Olú kọ́ ló ni í. Mo tètè sọ ọ́ kí n lè jáde níbẹ̀ láyọ̀.)

Tí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ẹni tí àwọ́ọ̀dù ọdún yìí tọ́ sí, mo ti ní tèmi. Ekpan gan-an ló ń gbé: ilé-iṣẹ́ ìfọpo Warri. 1978 ni wọ́n bí i, nítorí náà ọ̀dọ́ ni, ní ìṣirò tiwa. Agbára rẹ̀ tó 125,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, kìkì pé ó fẹ́ràn oorun. Owó tí òbí ná lé e lórí kò ṣeé fẹnu sọ. Ní 30 oṣù kejìlá 2024 wọ́n kéde pé ó ti jí, àwọn èèyàn jó, àwọn kan tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Kí oṣù kìíní tó tán, ó ti padà sórí ẹní. Ta ni kò ní irú ọmọ yìí nílé? Ẹ fún un ní Ọ̀dọ́ Tó Fún Wa Nírètí Jùlọ, kí ẹ sì gbé àwo dígí ọ̀hún lọ bá a ní ẹnubodè rẹ̀.

Ojú ọjọ́ ni kí ẹ ṣe é o, kí ẹ má dúró di alẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ò ní díísù.