Baba Mo-Mọ-Ìyá-Rẹ̀

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré àlòkù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà ṣe ìpàtẹ ọdọọdún àwọn tó ń fi irin dárà, ìbáà ṣe gbàǹjo tí wọ́n fi ń ta ẹrù olóògbé, tí a kò ní bá Baba Mo-Mọ-Ìyá-Rẹ̀. Kò wá rajà, kò sì wá tajà. Ó wá láti sọ ohun tí ọjà náà í ṣe fún ẹni tó fẹ́ rà á àti ẹni tó fẹ́ tà á, nítorí pé lójú tirẹ̀, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí ìyá ọmọ kò tilẹ̀ bẹ àgbà náà níṣẹ́.

Ó yẹ kí ẹni tí kò dé irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí kọ́kọ́ mọ irú ẹ́ńjìnnì tí mo ń wí. Kì í ṣe ohun ìṣeré tí ọmọdé ń fi okùn fà kiri inú pálọ̀. Ẹ̀rọ gidi ni, ajẹ-èédú-mu-omi, atú-èéfín-sókè-lálá, tí a fi bàbà rọ bọ́ìlà rẹ̀, tí iná gidi ń jó nínú rẹ̀, tí ooru omi sì ń ti ọ̀pá irin rẹ̀ lọ tí ó ń tì í bọ̀. Èyí tí ojú irin rẹ̀ bá fẹ̀ tó íǹṣì 5 lè fa àgbàlagbà mélòó kan láìmí hẹlẹ, èyí tó bá sì jẹ́ ti íǹṣì 7¼ lè fa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ti ilé iṣẹ́ kankan jáde. Ahéré ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti wá, níbi tí akọ̀wé báńkì kan tàbí olùkọ́ kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àìsùn nídìí wọn, tí ó ń tẹ̀ lé àwòrán tí ìwé ìròyìn Model Engineer, tó ti ń jáde láti ọdún 1898, ń tẹ̀ síta díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin kan tí kì í kọ ju LBSC lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ló ya àwòrán Tich, ẹ́ńjìnnì oníǹṣì 3½ tí ó wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Martin Evans ló ya ti Rob Roy àti ti Simplex. Ẹgbàágbèje ènìyàn ló sì tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹni tí kò rí irin tó nípọn tó lo èyí tó rí, ẹni tí ihò èéfín kò wù gbé òmíràn lé e, ẹni tí ara rẹ̀ sanra fẹ ilé awakọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè wọlé. Bí ó bá di ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ dé, ọmọ tí a kò kọ́ a sì gbé ẹ́ńjìnnì tí a rọ tà. Ẹni tó rà á a tún un ṣe bí ó ti wù ú. Òun náà a kú, wọn a tún tà á.

Inú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni Baba wa ti rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹ wò ó bí ó ti ń bọ̀. Àpò ẹ̀wù rẹ̀ kún fún tọ́ọ̀ṣì, dígí tí ń sọ kékeré di ńlá, rúlà irin, àti kálípà tí ó fi ń wọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kó wọ̀n. Kì í kí ẹni tó ni àtẹ. Yóò lóṣòó, yóò yọjú sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, yóò ní "Hẹ̀n-ẹ́n," yóò sì dákẹ́ títí àwọn ènìyàn yóò fi pé lé e lórí. Nígbà náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí ka ìran rẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ohun tó mọ̀ kì í ṣe kékeré. Ó ń wo àwọn apá irin tó ń darí ooru wọ sílíńdà, bóyá ìta ni wọ́n wà tàbí abẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ irú èyí tí Hackworth dá sílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì náà sì ní àgbá kẹ̀kẹ́ mẹ́rin tí bọ́ìlà rẹ̀ rí bí ti ọkọ̀ ojú omi, kò ní pẹ́ kó tó sọ pé irú èyí tí wọ́n ń pè ní Sweet Pea ni, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì rí. Ó ń wo òkè ibi ìdáná bóyá ó rí roboto tàbí ó ní èjìká. Ó ń ka bóòtù. Ó mọ èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ 40 nínú íǹṣì kan, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ yìí yàn láàyò fún ọ̀pá omi àti ti ooru, ó sì mọ èyí tó jẹ́ ti mílímítà. Bí ó bá bá bóòtù mílímítà pàdé lára ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ìyókù rẹ̀ jẹ́ ti íǹṣì, inú rẹ̀ a dùn bí ẹni tó ká àlè mọ́lé. "Ọwọ́ kejì ti dé ibí," ni yóò wí. Òótọ́ ni, ọwọ́ kejì ti dé ibẹ̀.

Ibi tí ó ti ń yẹ̀ ni pé kò lè fara mọ́ ọn pé ẹ́ńjìnnì kan lè má ní ìyá. Mo rí i nígbà kan níwájú ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n sọ pé Mamod ni, ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Birmingham ní ọdún 1937, tí sílíńdà rẹ̀ máa ń mì síwá mì sẹ́yìn kí ooru lè rí ọ̀nà wọlé. Èyí tí a ń wò kò ní sílíńdà tó ń mì mọ́. Bọ́ìlà rẹ̀ kì í ṣe ti àkọ́kọ́; gáàsì ló ń jó dípò ohun ìdáná onígún tí wọ́n ń tà mọ́ ọn; àgbá rẹ̀, ilé awakọ̀ rẹ̀ àti ọ̀dà ara rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ibi tí oníkálukú wọn ti wá. Ohun tó kù kò ju férémù irin abẹ́ rẹ̀ tó ní ihò méjì lọ. Baba fi tọ́ọ̀ṣì tan ihò méjèèjì, ó nà dúró, ó ní: "Mamod ni."

Mo bi í léèrè, nítorí èmi ọmọ ibi tí ojú irin rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3½ ni, ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901, bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣe irú tiwa rí. Bí a bá sáà fi íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, yóò bọ́ sórí irin oníǹṣì 3½ láìyẹ̀ níbì kankan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní kò sí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, nítorí náà irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò sí.

Ìyọnu gidi ni bí Baba méjì bá pàdé nídìí àtẹ kan. Èyí ní Simplex ni, ó ka àgbá mẹ́fà, ó fọwọ́ kan àwọn apá irin ìta. Ìkejì rẹ́rìn-ín ìyọ́nú, ó ní Speedy tí LBSC yà ni, pé táńkì rẹ̀ ni wọ́n tú tí wọ́n fi táńkì mìíràn dípò. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Wọ́n yọ kálípà síra wọn. Ẹni tó fẹ́ rà á, tó ti kó owó sọ́wọ́, dúró, ó fẹsẹ̀ rọ, ó yọ́ lọ mu tíì, kò sì padà wá. Ẹni tó ń tà á fi aṣọ bo ọjà rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ti ìyá àgbà kan ló bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Opó ni, ó gbé ẹ́ńjìnnì oníǹṣì 5 tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wá, ó sì mú ìwé àkọsílẹ̀ dúdú kan dání tí olóògbé kọ ohun gbogbo sí: ibi tó ti ra férémù, ẹni tó ta bọ́ìlà fún un, ìdí tó fi gé ihò èéfín kúrú. Ó ní ọkọ òun kò tẹ̀ lé àwòrán ẹnikẹ́ni. Baba lóṣòó, ó yọjú, ó ní Simplex ni. Ìyá náà ṣí ìwé, ó fi ojú ewé tí ọkọ rẹ̀ ti kọ ọ́ hàn án. Baba kà á láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú sùúrù ńlá.

"Màdáámú," ni ó wí, "ọkọ yín ṣì yín lọ́nà."

Lẹ́yìn náà ó fa pẹ́ńsùlù yọ láti inú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún ìwé òkú ṣe. Ìyá náà gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ti ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí èyí ti ń lọ kò béèrè orúkọ ẹ́ńjìnnì náà rárá. Ìwé ẹ̀rí bọ́ìlà ló béèrè. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ wọ ojú irin wọn bí olùyẹ̀wò kò bá tí ì fi omi tútù kún bọ́ìlà rẹ̀ kí ó sì fi agbára tì í, ìlọ́po méjì agbára tí yóò fi máa ṣiṣẹ́ bí bọ́ìlà bá jẹ́ tuntun, ìlọ́po kan àbọ̀ bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ tẹ́lẹ̀, kí géèjì má sì wálẹ̀. Ìwé náà wà, àkókò rẹ̀ kò tí ì tán, nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ sì bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sára bàbà mu. Ó sanwó. Ní gbogbo àkókò yìí Baba ń ka ọ̀pá inú àgbá kẹ̀kẹ́, nọ́ńbà bọ́ìlà kò sì bọ́ sí i lójú.

Baba náà ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ nílé, ìtúká, nínú àpótí. Simplex ni, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Kò tí ì dáná sí i rí, nítorí pé àwọn àgbá tó bá a wá kì í ṣe èyí tó wà nínú àwòrán. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí bá rí àgbá mẹ́fà tí iye ọ̀pá wọn pé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí i kíákíá, kí ó lè rí ohun ṣe nílé ní ọjọ́ ìpàtẹ.